Iná Tó Sọ Lẹ́yìn Òjò

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí iná fi sọ ní ilé iṣẹ́ Ìmọ́lẹ̀-Oríire ní Ring Road, níbi tí àwọn ẹ̀rọ ńláńlá ti ń jó epo dísù láti pèsè iná mànàmáná fún àwọn ṣọ́ọ̀bù àdúgbò. Ilé ìkẹ́rùsí tó wà lẹ́yìn ọgbà ló jóná. Bàbá Sàláwù, ọdẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀, sáré lọ pa iná, iná sì ṣe wọ́n léṣe. Wọ́n gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Jericho.

Ní iwájú ọgbà, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin ti fi ṣẹ́ẹ̀nì so ara wọn mọ́ géètì láti ìdájí, kí tánkà dísù má baà ráyè wọlé. Ẹ Jẹ́ Ká Mí lorúkọ ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n ní èéfín ibẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró aráàdúgbò jẹ́, pé irú èéfín bẹ́ẹ̀ ló sì ń da ojú ọjọ́ rú, tí oòrùn fi ń jó irè oko ní Òkè-Ògùn, tí àgbàrá fi ń wọ́ ilé lọ n'Ìbàdàn. Ayùn ni àwọn ọlọ́pàá fi gé ṣẹ́ẹ̀nì náà kí wọ́n tó kó wọn sọ́kọ̀.

Inspẹ́kítọ̀ Ọ̀ṣuntóyìn ni wọ́n fa ẹjọ́ náà lé lọ́wọ́. Obìnrin tí kì í gbé ohùn sókè ni, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í fo nǹkan.

Máníjà ilé iṣẹ́ náà, Ọ̀gbẹ́ni Májẹ́kódùnmí, mú un dé ẹ̀yìn ọgbà. Ó tọ́ka sí ìborùn aláwọ̀ ewé kan tó wà nílẹ̀ gbalasa, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ náà ń wọ̀.

"Wọ́n ti dáná sí i kí wọ́n tó lọ so ara wọn mọ́ géètì, madam. Àná ni wọ́n ń halẹ̀ pé àwọn á ti ilé iṣẹ́ yìí pa. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni ò mọ ẹni tó pa á?"

Ọ̀ṣuntóyìn bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ìborùn náà. Òjò ìdájí ti sọ gbogbo ilẹ̀ di ẹrẹ̀. Abẹ́ ìborùn tó kan ilẹ̀ nìkan ló tutù, òkè rẹ̀ gbẹ. Ó fi í sínú ọ̀rá.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ìborùn ṣì wà lọ́rùn àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó rin gbingbin. Olúkẹ́mi, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní Àgbowó, ni olórí wọn.

"Ìgbà wo lẹ so ara yín mọ́ géètì?"

"Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ni, mà. Orí wa ni gbogbo ẹ̀ rọ̀ tán sí."

"Ta ló mú kọ́kọ́rọ́?"

Ọmọbìnrin náà wolẹ̀. "A jù ú sí gọ́tà."

"Èèyàn ò ní so ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tún ju kọ́kọ́rọ́ nù. Ta lò ń bò?"

"Mi ò bo ẹnikẹ́ni, mà."

Irọ́ ni. Ọ̀dọ̀ Adéfọlárìn ni kọ́kọ́rọ́ wà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọ yunifásítì ni òun àti Olúkẹ́mi ti jọ ń ṣe ọ̀rẹ́. Wọ́n ti jọ ṣàdéhùn pé yóò dúró sí òdìkejì títì, kó lè tú wọn sílẹ̀ bí ewu bá dé, àti pé ẹnikẹ́ni ò ní dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí iná sọ, Olúkẹ́mi ké pè é títí ohùn rẹ̀ fi há. Kò yọjú. Olúkẹ́mi ń sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá ọlọ́pàá ti mú òun náà.

Ọ̀ṣuntóyìn lọ rí Bàbá Sàláwù ní Jericho. Nígbà tó fi máa padà dé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti jókòó sí káńtà pẹ̀lú búrẹ́dì àti tíì.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Adéfọlárìn lorúkọ mi. Olúkẹ́mi ni mo gbé oúnjẹ wá fún." "Ọwọ́ Bàbá Sàláwù ńkọ́, mà? Ṣé wọ́n á ṣì lè fi ṣiṣẹ́?"

Ọ̀ṣuntóyìn wò ó. "Wọlé wá jókòó."

Ó ránṣẹ́ pe Olúkẹ́mi, ó sì ránṣẹ́ pe máníjà. Nígbà tí wọ́n pé, ó gbé ìborùn náà ka orí tábìlì.

"Òjò ti dá kí iná tó sọ. Ìborùn yìí ò sì bá òjò pàdé. Lẹ́yìn òjò ló jábọ́, nígbà tí àwọn mẹ́rin wà nínú ṣẹ́ẹ̀nì, tí tiwọn sì wà lọ́rùn wọn. Ẹlòmíì nínú ẹgbẹ́ wọn ló ni èyí, ẹni tí wọn ò so." Ó yíjú sí Adéfọlárìn. "Ohun tí a sọ síta ni pé ọdẹ fara pa. A ò sọ pé ọwọ́ ló jóná. Ta ló sọ fún ẹ?"

Adéfọlárìn yíjú kúrò lára ìborùn náà.

"Sọ fún wọn pé ìwọ kọ́," ni Olúkẹ́mi wí.

Máníjà ni Adéfọlárìn ń wò. "Ẹ̀gbọ́n màmá mi ni wọ́n. Àwọn ló tọ́ mi. Wọ́n ní tó bá ti dà bíi pé àwa la dáná, ìjọba á fòfin de ẹgbẹ́ wa. Wọ́n ní kò ní séèyàn lẹ́yìn ọgbà, ni mo bá dáná sí i. Ìgbà tí mo rí Bàbá tí wọ́n ń fọwọ́ gbá iná, mo sá."

"Irọ́ ló ń pa," ni Májẹ́kódùnmí wí, ó sì dìde. Sájẹ́ǹtì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ jókòó, sà," ni Ọ̀ṣuntóyìn wí. "Bàbá Sàláwù ní bí òjò ṣe ń dá lẹ pe àwọn lórí fóònù, pé kí wọ́n má kúrò nídìí géètì, bó ti wù kó rí. Ẹ ti mọ̀ pé nǹkan máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn. Àánú baba arúgbó ló tú àṣírí ọmọ yín. Ẹ̀yin ò tilẹ̀ bi mí pé báwo lara wọn."

Májẹ́kódùnmí jókòó.

Olúkẹ́mi ò gbójú kúrò lára ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Nígbà tí iná ń jó, ìwọ ni mo ń ké pè. Wọ́n bi mí ní orúkọ rẹ níbí, mo purọ́ nítorí rẹ."

"Owó èéfín yẹn ló rán mi nílé ìwé, Olúkẹ́mi. Kí ni kí n ṣe?"

"O ò bá sọ fún mi pé o ò lè bá wa ṣe é. Mi ò bá má bínú."

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ọ̀ṣuntóyìn ò pa òwe náà sí wọn létí. Ó ní kí sájẹ́ǹtì kó Májẹ́kódùnmí àti Adéfọlárìn lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n fi Olúkẹ́mi sílẹ̀, kò lọ sí Àgbowó. Jericho ló gbà lọ. Ó bá Bàbá Sàláwù lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi báńdéèjì di ọwọ́ méjèèjì.

"Wọ́n ní ẹ ti mọ ẹni tó ṣe é," ni bàbá wí.

Orúkọ máníjà wà lẹ́nu Olúkẹ́mi. Ì bá pè é, òtítọ́ sì ni ì bá jẹ́.

"Ọ̀kan nínú wa ni, Bàbá."

Bàbá Sàláwù na ẹsẹ̀ wọn, wọ́n fi sún àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì sọ́dọ̀ rẹ̀ kó lè jókòó.