Ẹni Tó Dáhùn Nọ́ńbà Méjìlá

"Nọ́ńbà méjìlá!"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ọ̀gá Orton, tó ni ọkọ̀ Rosalind, dúró nídìí ìtọ́kọ̀, ó kó ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ó tún lọgun: "Nọ́ńbà méjìlá dà? Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ má fi àkókò mi ṣòfò, ìjì ń bọ̀ o!"

Ardelle ni nọ́ńbà méjìlá. Èmi Verlyn ni mọ́kànlá, mo sì ti dáhùn tèmi. Lápá ìlà oòrùn, ojú ọ̀run ti dúdú bí ìdí ìkòkò, afẹ́fẹ́ sì dákẹ́ lójijì, bó ṣe máa ń dákẹ́ kí ìjì oṣù kẹfà tó dé. Ọkùnrin méjì tó ń bá Ọ̀gá Orton ṣiṣẹ́ ń fa ṣéènì ìdákọ̀ró wọlé, ariwo rẹ̀ sì gba gbogbo orí ọkọ̀ kan.

Tevon, ọmọ kíláàsì mi, fi ìgúnpá gún mi. "Dá a lóhùn fún un jàre. Ṣebí ó ti lọ sùn nísàlẹ̀. Àbí o fẹ́ kí òjò pa wá síbí ni?"

"Ọ̀gá ní ká má dáhùn fún ẹlòmíì."

"Ìwọ Verlyn lò ń sọ bẹ́ẹ̀?" Ó fi mí rẹ́rìn-ín. "Ẹ wò ó! Ẹ̀rù bàbá arúgbó ń bà á!"

Ọ̀rọ̀ yẹn ta mí. Nílé ìwé wa ní erékùṣù Bequia, èmi ni gbogbo kíláàsì mọ̀ sí ẹni tó lè sín ẹnikẹ́ni jẹ. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ní abúlé Paget Farm ni Ardelle ń gbé, bọ́ọ̀sì kì í sì í tètè dé ibẹ̀ láàárọ̀. Bí Míìsì Laborde bá ti pe orúkọ rẹ̀ nínú rẹ́jísítà, màá tẹ orí mọ́lẹ̀, màá mú ohùn rẹ̀ tín-ín-rín tó máa ń lọ sókè níparí, màá ní, "Mo wà, mà!" Míìsì á sì máàkì í. Odidi ọdún kan la fi ṣe é, ọwọ́ ò sì tẹ̀ wá rí. Bí Ardelle bá dé, á ju súìtì àjàgbọn kan sí mi lábẹ́ tábìlì. Lójú tèmi, oore ni mo ń ṣe é.

Ọ̀gá Orton ò mọ gbogbo ìyẹn. Àwa méjìdínlógún láti Fọ́ọ̀mù Kẹrin ló gbé, pẹ̀lú Míìsì Laborde, láti fi ọkọ̀ onígbòkun yí àwọn erékùṣù wa ká fún ọjọ́ mẹ́rin. Kí a tó kúrò ní Bequia ló ti pín nọ́ńbà fún wa. Ó ní, "Ibikíbi tí a bá ti fẹ́ ṣí, màá pe nọ́ńbà, kí kálukú fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, jẹ́ kó gbé e mì kó tó dáhùn. Màá dúró dè é. Mi ò fẹ́ máa wá ọmọ ọlọ́mọ kiri nínú òkun." A rẹ́rìn-ín, a sì ń jẹ gbẹ̀rẹ̀fútù sísun wa lọ.

A sùn ní Canouan, a sùn ní Mayreau. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, a dúró ní Ti Sab ká lè lúwẹ̀ẹ́. Ti Sab ò ju iyanrìn funfun kan láàárín agbami lọ. Èèyàn lè rìn ín já láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Àpáta díẹ̀ wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀ lápá àríwá, ó ga ju orí èèyàn lọ, igbó kékeré kan sì hù sí ìdí rẹ̀. Bí òkun bá ru, omi á bo iyanrìn náà, àpáta yẹn nìkan ló máa ń kù.

Láti àárọ̀ ni òòyì òkun ti ń kọ́ Ardelle, ó sì ti sọ fún mi pé ọkọ̀ kékeré tó bá kọ́kọ́ padà sí Rosalind lòun máa bá lọ, kóun lè lọ dùbúlẹ̀. Mo rí aṣọ ìnura rẹ̀, èyí tó pọ́n bí ìyeyè, nínú ọkọ̀ kékeré àkọ́kọ́. Mi ò rí ojú rẹ̀. Aṣọ ìnura ni mo rí, mo sì gbà pé òun ló wà nídìí rẹ̀.

"Nọ́ńbà méjìlá! Ìgbà kẹta rèé o!"

Mo tẹ orí mọ́lẹ̀ sẹ́yìn Tevon, mo sì fi gbogbo agbára mi pariwo kí ṣéènì má baà bo ohùn mi: "Méjìlá wà ńbíí!"

Àwọn tó wà nítòsí mi fọwọ́ bo ẹnu, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Míìsì Laborde máàkì ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀gá Orton ní, "Nọ́ńbà mẹ́tàlá!" Kò pẹ́ tí a ta ìgbòkun.

Òjò bá wa lójú ọ̀nà erékùṣù Union, níbi tí a ti fẹ́ sùn. Ìjì ń ti ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwa tó wà lókè sì fún ara wa mọ́ra lábẹ́ tápólì. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú kí n tó rántí Ardelle. Mo bu omi atalẹ̀ gbígbóná sí kọ́ọ̀pù, mo mú búrẹ́dì díndín kan dání, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá ìsàlẹ̀.

"Ardelle, dìde. Mu nǹkan gbígbóná."

Aṣọ ìnura náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó bo nǹkan kan tó dùbúlẹ̀ gbọọrọ. Mo fà á. Báàgì rẹ̀ ni, àti ìrọ̀rí. Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé ó ń bá mi ṣeré. Mo wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo wo ibi tí wọ́n ń kó okùn sí. Ìgbà tí mo padà dé, ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu mi.

Josette, ọmọ kíláàsì wa tó sùn lórí bẹ́ẹ̀dì òkè, gbé orí sókè. "Ardelle lò ń wá? Èmi ni mo bá a gbé aṣọ ìnura yẹn wá. Ó ní awò ojú òun já bọ́ lẹ́bàá àpáta, òun fẹ́ padà lọ wá a. Ó ní òun máa bá yín bọ̀. Ṣebí mo gbọ́ ohùn ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pe nọ́ńbà..." Ó wò mí. "Verlyn. Òun kọ́ ló dáhùn?"

Omi atalẹ̀ dà sí mi lẹ́sẹ̀, mi ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Bí Ardelle bá bọ́ awò ojú, kò lè dá ènìyàn mọ̀ yàtọ̀ sí òpó ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ márùn-ún. Kò sì mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ dáadáa, létí omi ló máa ń wà.

Tevon ti sọ̀ kalẹ̀ bá wa. Josette sọ fún un. Ojú rẹ̀ yí padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ jẹ́ ká farabalẹ̀. Ọkọ̀ àwọn apẹja pọ̀ níbẹ̀, wọ́n á ti gbé e. Bí a bá dé Union, a máa ṣe bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀. Verlyn, wọ́n máa lé ẹ nílé ìwé o. Wọ́n máa lé èmi náà."

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún yín: mo rò ó. Mo dúró sórí àtẹ̀gùn, mo di irin rẹ̀ mú, mo sì ń wá ọkọ̀ apẹja yẹn nínú ọkàn mi. Mo fẹ́ kó jẹ́ òótọ́. Mo dúró bẹ́ẹ̀ títí ìgbì ńlá kan fi lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tí omi sì ṣàn wọlé láti òkè. Bí ìgbì yẹn bá lè mi Rosalind báyìí, kí ló ń ṣe lọ́wọ́ ní Ti Sab? Ni mo bá sáré gòkè.

"Ọ̀gá, ẹ yí padà! Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ yí padà! Ardelle ò sí nínú ọkọ̀."

"Ó dáhùn," ni Ọ̀gá Orton wí. "Mo gbọ́ ọ."

"Èmi ni mo dáhùn, sà."

Kò bú mi, kò sì gbá mi létí. Ó kàn wò mí, mo sì rí i pé ẹ̀rù ń ba òun náà, bàbá tó ti lo ogójì ọdún lórí òkun. Ìyẹn gan-an ló já mi láyà jù. Ó kígbe sí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n sọ ìgbòkun kalẹ̀, ó tan ẹ́ńjìnnì, ó yí orí ọkọ̀ sínú ìjì. Ó pe àwọn ẹ̀ṣọ́ òkun lórí rédíò. Wọ́n ní ó máa tó wákàtí kan àbọ̀ kí àwọn tó débẹ̀.

Míìsì Laborde di ìwé rẹ̀ tó ti rin mọ́ àyà. "Mo máàkì í," ló ń sọ ṣáá. "Mo máàkì í." Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi. "Ohùn yẹn, Verlyn. Láti ìgbà wo?"

"Láti ọdún tó kọjá, mà."

Gbogbo wa wọ ẹ̀wù tó ń múni léfòó, a sì jókòó sílẹ̀ lórí ọkọ̀. Ọkọ̀ ń gòkè, ó ń já lulẹ̀. Ẹnìkan ń sunkún, ẹnìkan ń gbàdúrà. Èmi ò lè gbàdúrà. Mo ń ro ìyá ìyá Ardelle, bí mo ṣe máa dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní Paget Farm, àti ọ̀rọ̀ tí màá kọ́kọ́ sọ.

Nígbà tí Ọ̀gá Orton ní a ti dé, mi ò gbà á gbọ́, torí pé mi ò rí iyanrìn kankan. Òjò bo iwájú wa, ìgbì sì ń fọ́ funfun níbi tí a ti jọ sáré kiri lọ́sàn-án yẹn. Kò lè sún mọ́ ibẹ̀ jù kí ọkọ̀ má baà fi ìdí gbálẹ̀. Ó pa ẹ́ńjìnnì.

"Verlyn, bọ́ síwájú ọkọ̀, kí o pè é. Ohùn tìẹ ni mo fẹ́ gbọ́ lónìí."

Mo pè é. "Ardelle! Ardelle o!" Mo pè é títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Ìjì gba orúkọ náà lẹ́nu mi, kò sì dá nǹkan kan padà.

Ọ̀gá Orton wá bá mi níwájú. Ó kó ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu bó ṣe máa ń ṣe. "Nọ́ńbà méjìlá!"

Ohùn tín-ín-rín kan dáhùn, ó lọ sókè níparí: "Méjìlá wà ńbíí!"

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Josette pariwo, "Verlyn, kí ló ń ṣe ẹ́? Ṣé ojú eré rèé?" Ọ̀gá Orton gbá mi léjìká mú.

"Èmi kọ́! Mo fi Ọlọ́run búra, èmi kọ́!" Kò sẹ́ni tó gbà mí gbọ́, mo rí i lójú wọn. Ọmọ iṣẹ́ Ọ̀gá ti ń nawọ́ sí ẹ́ńjìnnì kí a lè lọ wá ibòmíì. Ni mo bá kó ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu mi, mo tẹ̀ ẹ́ títí eyín mi fi wọ ètè, mo sì ń mi orí sí Ọ̀gá Orton.

Ó tẹjú mọ́ ọwọ́ mi, kò sì gbé ojú kúrò níbẹ̀ nígbà tó tún pè é. "Nọ́ńbà méjìlá!"

"Méjìlá! Mo wà ńbí o! Ẹ má lọ!"

Apá òsì wa ló ti wá. Àwọn ọkùnrin méjèèjì sọ ọkọ̀ kékeré sómi, wọ́n wà á wọnú òjò, a ò sì rí wọn mọ́. N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Nígbà tí wọ́n jáde padà, ènìyàn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀.

Àpáta ti ya Ardelle lórúnkún àti lọ́wọ́, ètè rẹ̀ sì ti di dúdú. Míìsì Laborde fi aṣọ ìnura ìyeyè náà wé e. Ó ń wá ojú mi kiri láàárín wa, torí kò ríran. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Verlyn?" ló wí. "Mo gbọ́ nígbà tí Ọ̀gá ń pe nọ́ńbà. Ẹ̀yìn àpáta ni mo wà. Mo ń dáhùn, mo ń pariwo pé mo wà ńbí, ṣéènì ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ mi. Mo ní kò burú, wọ́n á tún un pè. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń dáhùn láti inú ọkọ̀." Eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. "Mo rò pé mo ti kú. Mo rò pé èmi tòótọ́ ti bá yín lọ."

Títí di òní, bí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yẹn, ara mi máa ń bù máṣọ.

Ilé ìwé lé èmi àti Tevon sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo dúró níwájú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, mo sì sọ ohun tí mo ṣe. Ọ̀gá Orton ò gbé ọmọ ilé ìwé mọ́ láti ìgbà náà. Ìyá ìyá Ardelle ò bú mi nígbà tí mo lọ bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò ní kí n jókòó. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, bí ẹ bá ń dáhùn fún ọ̀rẹ́ yín ní kíláàsì, ẹ̀ ń kọ́ àwọn tó yẹ kó wá a pé kí wọ́n má wá a mọ́. Oore kọ́ ni. Bí ẹ bá sì ti ṣàṣìṣe, ẹ tètè sọ ọ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tí mo fi dúró lórí àtẹ̀gùn yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Ní oṣù kẹsàn-án a wọ Fọ́ọ̀mù Karùn-ún. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Míìsì Laborde ṣí rẹ́jísítà, ó pe Ardelle. Àga rẹ̀ ṣófo. Gbogbo kíláàsì yíjú, wọ́n ń wo ẹnu mi. Mo pa á dé. Míìsì gbé bírò sílẹ̀, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó sì dúró. Ó pẹ́ díẹ̀ kí a tó gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré bọ̀. Ardelle wọlé pẹ̀lú awò ojú tuntun, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Mo wà, mà," ló wí.

Míìsì Laborde gbé bírò, ó kọ ọ́ síwèé pé ó pẹ́ kó tó dé.