Ẹrẹ̀ Ni Abọ́ Oúnjẹ Akàn

Omi ti fà tán létí ọ̀sà tó wà lẹ́yìn Festac. Mọ̀nsúrát ká aṣọ sókè dé orúnkún, ó wọ inú ẹrẹ̀. Ọdún kejìlélógún rèé tó ti ń mú akàn níbẹ̀, bí ìyá rẹ̀ náà ti ṣe mú un. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, ihò mẹ́wàá ló tú, akàn mẹ́rin péré ló rí. Ó gbé ọ̀kan sún mọ́ imú. Òórùn ọ́ìlì ọkọ̀ ló gbọ́.

"Àǹtí, ẹ má ta ìyẹn o!" Ẹ̀bùnlọlá ni, ọmọ àdúgbò tó ń kọ́ nípa ẹranko inú omi ní yunifásítì.

"Oníbàárà mi ń dúró dè mí ní Alákijà. Kí ni kí n wá sọ fún un?"

"Òótọ́ ni kẹ́ ẹ sọ. Ojú ẹrẹ̀ yìí lakàn ti ń jẹun. Tómi bá ti fà, á jáde wá ha á jẹ, pẹ̀lú ewé tó ti rà. Ibi tó bá rọ̀, tó sì tutù, ló ń gbẹ́ ihò sí. Ibi tómi kì í dé rárá, kò lè gbé ibẹ̀. Tí ọ́ìlì bá wá bo ẹrẹ̀, oúnjẹ bà jẹ́, ihò dí. Èyí tó lè sá á sá. Èyí tí ò sá, májèlé ti wọ̀ ọ́ lára."

Mọ̀nsúrát wo gọ́tà dúdú tó ń ṣàn bọ̀ látẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Dáúdà mẹkáníìkì. Ó tú àwọn akàn náà sílẹ̀, ó pe oníbàárà rẹ̀ lórí fóònù pé kò sọ́jà, ó sì fẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ lọ bá Dáúdà.

"Bọ̀dá Dáúdà, ibo lẹ ń da ọ́ìlì àlòkù sí?"

"Gọ́tà ni. Àbí kí n mu ún ni?"

"Gbogbo wa la ti ń mu ún! Ṣebí ìyàwó yín ra akàn lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

Dáúdà yíjú padà sí ọkọ̀ tó ń tún ṣe.

"Mi ò ní kúrò níbí títí ẹ ó fi gbé kẹ́ẹ̀gì tẹ́ ẹ ó máa rọ ọ́ sí jáde." Mọ̀nsúrát fa bẹ́ǹṣì, ó jókòó.

Ẹ̀bùnlọlá, tó ti tẹ̀lé Mọ̀nsúrát débẹ̀, sọ fún Dáúdà pé àwọn kan wà tó ń ra ọ́ìlì àlòkù. Kẹ́ẹ̀gì méjì ni Dáúdà gbé jáde lọ́jọ́ náà. Oṣù mẹ́fà rèé báyìí. Akàn ò tíì pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ihò tuntun ti ń yọ lábẹ́ àwọn igi etí omi.

Ẹ̀yin ará Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, ẹ má da ọ́ìlì tàbí pàǹtí sí gọ́tà. Kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí ni kẹ́ ẹ rọ ọ́ìlì àlòkù sí, kẹ́ ẹ gbé e fún àwọn tó ń rà á. Ẹ má gé igi etí omi. Ewé rẹ̀ wà lára oúnjẹ akàn. Akàn tó bá ń rùn bí ọ́ìlì, bó ti wù kó tóbi tó, ẹ má tà á, ẹ má jẹ ẹ́: síse kì í lé ọ́ìlì jáde lára rẹ̀. Ohun tá a bá dà sómi, ìkòkò ọbẹ̀ wa ló ń bọ̀.