Ìwé Tí Kò Sọ̀rọ̀

"A, bí i nínú ajá! B, bí i nínú bàtà!"

Jẹ́jẹ́ ń fi ṣíbí lu tábìlì bó ṣe ń pè é, ó sì tún padà sórí A. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni, ariwo rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ ẹ̀fẹ̀ yẹn. Lápá kejì tábìlì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, ń to ìdérí ìgò ní mẹ́ta-mẹ́ta fún ìṣirò. Àgbàlagbà ni wọ́n ń pe òun, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ.

Àárín àwọn méjèèjì ni Àǹtí, ẹ̀gbọ́n wọn, jókòó sí, tó fọwọ́ lẹ́rán. Ìwé ìdánwò tirẹ̀ ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n láti àárọ̀, ojú ewé kan náà ló ń wò. Bó bá ka ìlà méjì, Jẹ́jẹ́ á ní òun fẹ́ tọ̀. Bó bá ka ìkẹta, ìdérí ìgò á ti yí lọ sábẹ́ àga. Kì í ṣe pé ó kórìíra àwọn àbúrò rẹ̀. Ó kàn ti rẹ̀ ẹ́ ni, irú àárẹ̀ tí oorun kì í wò.

Iṣẹ́ títì ni bàbá wọn ń ṣe. Ibi tí títì bá gbé e dé ni ilé wọn ń dé, àwọn ọmọ kì í sì í pẹ́ ní ilé-ìwé kankan kí wọ́n tó tún kó ẹrù. Ìdí nìyẹn tí màmá fi ní kí wọ́n máa kàwé nílé. Nọ́ọ̀sì ni màmá: ó ń ṣiṣẹ́ lóru, ó ń kọ́ wọn lọ́sàn-án. Tó bá ń sùn láàárọ̀, Àǹtí ni tíṣà.

"Ọjọ́ tí Àgbàlagbà bá ti lè dá kàwé," màmá ti ṣèlérí, "á máa ka ìtàn fún Jẹ́jẹ́ nínú yàrá mi títí n ó fi jí. Ìwọ á wá máa lọ sí ilé ìkàwé láràárọ̀. Ìdánwò rẹ náà ti sún mọ́lé."

Ìtàn ajá kan tó sọ bàtà ọ̀gá rẹ̀ nù ni ọmọ náà ń kọ́. Àǹtí ti kà á sí i létí títí, ó kù díẹ̀ kí ajá náà máa gbó lójú àlá rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, Àgbàlagbà gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fìka tẹ̀lé ìlà, ó sì kà á geere. Inú Àǹtí dùn, àfi ìgbà tó rí i pé ewé méjì ni ọmọ náà ṣí pọ̀, tí ẹnu rẹ̀ kò sì fo nǹkan kan. Òjò ló wà nínú àwòrán. Ajá tó ń sùn lábẹ́ ibùsùn ló wà lẹ́nu ọmọ. Ó ti há odidi ìwé náà sórí.

"Àǹtí, ṣé mo kà á dáadáa?"

Ibẹ̀ ló yẹ kó ti sọ òtítọ́. Ó wo ìwé ìdánwò rẹ̀. Ó rántí ilé ìkàwé, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń pàdé níbẹ̀, àti tábìlì tí ẹnikẹ́ni kì í fi ṣíbí lù.

"O kà á dáadáa," ló wí.

Àṣà ilé wọn ni pé bí màmá bá ti ibi iṣẹ́ dé, tó bọ́ bàtà, tó sì dùbúlẹ̀, ọmọ kan á kàwé fún un létí ibùsùn. Màmá á dijú máa gbọ́ ọ. Ó ní ojú òun ti ṣiṣẹ́ tó lóru, etí ló kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni Àgbàlagbà ṣe kà á lọ́jọ́ kejì. Níbi kan tó ti gbàgbé, Àǹtí sọ ọ̀rọ̀ kan sí i létí wúyẹ́wúyẹ́, ọmọ náà sì ń bá a lọ.

Omijé jáde lábẹ́ ìpéǹpéjú màmá. "Ọmọ mi ti ń kàwé! Àǹtí wọn, o ṣeun, ọmọ dáadáa ni ẹ́. Láti ọ̀la, máa lọ."

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí Àǹtí, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò balẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó ti gbé báàgì kọ́ èjìká nígbà tí màmá wọlé pẹ̀lú ìwé ìtàn tuntun kan. Àgbàlagbà dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

"Ẹ ṣeun, mà. Ẹ ó pẹ́ fún wa."

Màmá rẹ́rìn-ín, ó dùbúlẹ̀, ó dijú. Ọmọ náà ṣí ìwé, ó fìka sórí ìlà àkọ́kọ́. Ó ṣí ewé kejì, ó tún wò ó, ó wá gbé ìwé náà sétí.

"Màmá, ìwé yìí ò sọ̀rọ̀."

"Báwo ni kò ṣe sọ̀rọ̀?"

"Ti ajá yẹn máa ń sọ̀rọ̀. Bí mo bá ti rí àwòrán, màá gbọ́ ọ nínú orí mi." Ó yíjú sí Àǹtí lẹ́nu ọ̀nà. "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ ní mo kà á dáadáa. Àbí mi ò mọ̀wé kà ni?"

Màmá lajú. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ti Àǹtí kò tilẹ̀ rìn jìnnà. Ó sọ báàgì kalẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Mo mọ̀ pé ó há a sórí ni. Mo fẹ́ máa lọ ni mi ò ṣe sọ."

Màmá kò pariwo. Ó dìde jókòó, ó fọwọ́ nu ojú. "Ó rẹ̀ ọ́, àbí?"

"Ó rẹ̀ mí, mà."

"Ó rẹ èmi náà. Ojú tí mo ń dì wà lára ohun tó fà á, mi ò ní dì í mọ́. Ṣùgbọ́n bó bá rẹ̀ ọ́, sọ fún mi pé ó rẹ̀ ọ́. Má sọ fún ọmọdé pé ó mọ ohun tí kò mọ̀. Èmi lo rò pé o tàn. Wo ẹni tí o tàn."

Àgbàlagbà ti sá kúrò létí ibùsùn, ó ti lọ rá wọ abẹ́ tábìlì.

Kò fọwọ́ kan ìwé fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Bí wọ́n bá na ìwé sí i, á ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n kà, ẹ kà á." Ọ̀rọ̀ náà ń dun Àǹtí ju igbe lọ. Kò lọ sí ilé ìkàwé, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò dá a dúró.

Nígbà tó yá, òun náà rá wọ abẹ́ tábìlì, ó jókòó sáàárín àwọn ìdérí ìgò. Ó ṣí ìwé tuntun náà, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo àwòrán rẹ̀.

"Èmi ni mo jẹ̀bi, ìwọ kọ́. Orí tó lè há odidi ìwé, orí pípé ni. Jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ kan péré. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà."

Ọmọ náà yọjú wo ìwé. "Kò sí ẹlẹ́dẹ̀ níbí."

Àǹtí bú sẹ́rìn-ín, ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Àgbàlagbà fìka sórí ọ̀rọ̀ náà. Ó pe lẹ́tà àkọ́kọ́, ó dúró, ó pe ìyókù, ó tún so wọ́n pọ̀.

"I... lé. Ilé." Ó gbójú sókè. "Ilé ni! Àǹtí, ó sọ̀rọ̀!"

Màmá ní kí Àǹtí máa lọ sí ilé ìkàwé láwọn àárọ̀ tí òun kò bá ṣiṣẹ́ òru mọ́jú. Àwọn àárọ̀ náà kò pọ̀, àárẹ̀ rẹ̀ kò sì tíì tán. Ṣùgbọ́n ó ti yé e pé àárẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Irọ́ tí èèyàn ń pa láti fi sá fún un ni ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá sì yin ọmọdé fún ohun tí kò tíì mọ̀ ti dínà mọ́ ọn láti mọ̀ ọ́n.

Ó yán, ó sì sún ìka ọmọ náà sórí ọ̀rọ̀ kejì.