Ìjókòó Kan Ṣoṣo sí Jẹ́dà

Lọ́jọ́ tí Làtífátù kọ́kọ́ rí Tìjání, fóònù ló ń bá jà. Ó dúró ní ìkóríta Ikpinlè, eruku pupa ti bo ìborùn rẹ̀ láti Adja-Ouèrè tó ti gun alùpùpù wá. Ó gbé fóònù síwájú ẹnu bí ẹni tó fẹ́ bù ú jẹ, ó ń pariwo.

“Ìyá yín ni ‘patientez’! Ogójì ìṣẹ́jú ni mo ti ń ní sùúrù! Ẹ̀yin olè wọ̀nyí!”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Ó yíjú padà. Ọkùnrin gíga kan ló jókòó lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kékeré tó ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, àgbàdo sísun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Eyín rẹ̀ funfun, ojú rẹ̀ sì dùn ún wò débi pé inú túbọ̀ bí Làtífátù.

“Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?”

“Ẹ má bínú, àǹtí. Ẹ̀rọ lẹ ń bú. Kò ní ìyá.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bí obìnrin yìí nínú, torí pé bí mo bá rántí, inú a máa bí èmi náà. Ọdún mẹ́fà ni Làtífátù fi tẹ̀ lé oníṣòwò kan ní Kútọnu lọ ra bàtà obìnrin ní Ṣáínà, tó ń ru ẹrù bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Bí èèyàn bá ń wọ ọkọ̀ òfuurufú kan léraléra, àwọn tó ni ọkọ̀ a máa kọ èrè sí orúkọ rẹ̀; máìlì ni wọ́n ń pè é. Bó bá pọ̀ tó, a lè fi gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá rẹ̀ kò mọ̀. Làtífátù mọ̀, ó sì ń kó tirẹ̀ jọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó fi padà wálé wá ta bàtà tirẹ̀ lọ́jà Adja-Ouèrè, máìlì náà ti tó gbé ẹnì kan lọ sí Jẹ́dà, kó sì gbé e bọ̀. Àmínátù ìyá rẹ̀, tó ń fọ epo ní Kpoulou, ló fẹ́ fi rán lọ sí Mẹ́kà fún úmúrà. Orúnkún ìyá náà ti ń yẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ a máa sọ pé, “Bí mi ò bá lọ lọ́dún yìí, a jẹ́ pé àlùjánńà ni mo ti máa bá wọn gbọ́ ìròyìn Mẹ́kà.”

Ọ̀rọ̀ náà kò sì lè dúró. Àlájì Ràzákì, tó ní ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́rin àti ìyàwó méjì, ti kéde lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ pé òun ni yóò gbé Àmínátù lọ sí Mẹ́kà. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé Làtífátù ló fẹ́ fi ṣe ìyàwó kẹta. Bàbá Làtífátù ti kú, àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ sì ti ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n. Ta ni yóò gba Mẹ́kà lọ́wọ́ ọkùnrin tán, tí yóò tún fi ọmọ dù ú? Wọ́n ń fi ilé Ọlọ́run ra obìnrin, wọ́n tún ń ṣe àmín sí i!

Ilé-iṣẹ́ tó ni máìlì Làtífátù kì í fò dé Jẹ́dà láti ọ̀dọ̀ wa. Àwọn alájọṣe wọn ló ń fò ó. Bí Làtífátù bá sì ti wo ojú ìkànnì ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, “kò sí àyè” ló máa ń rí níbẹ̀. Máìlì a sì máa kú bí ọjọ́ rẹ̀ bá pé; oṣù kan péré ló kù fún tirẹ̀.

“Àyè wà,” Tìjání sọ fún un nígbà tó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. “Wọn ò fi hàn yín ni.”

Ó mú un wọlé, ó ṣí ìkànnì ilé-iṣẹ́ mìíràn. “Ẹgbẹ́ kan náà ni gbogbo wọn. Ohun tí ẹni yìí bá fi pamọ́, ẹni yẹn á fi hàn. Bí ẹ bá rí i, ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ àti ọjọ́ sílẹ̀, kí ẹ kà á fún ẹni tó bá gbé fóònù. Ẹ má bi í bóyá àyè wà. Ẹ sọ fún un pé ó wà.”

“Ta ló kọ́ yín?”

“Mo bá ọ̀gá kan ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Lárúbáwá. Ibi tó bá fò lọ, èmi ni mo ń gbé àpò tẹ̀ lé e. Mo ní máìlì tèmi náà tí mo kó jọ, òun ni mo fẹ́ fi rìnrìn àjò. Ẹ̀gbọ́n mi, Ọláníyì, ń retí mi ní Kánádà.”

“Ẹ ti fẹ́ lọ nìyẹn?” Ìbéèrè náà já bọ́ lẹ́nu Làtífátù, ó sì bínú sí ara rẹ̀.

Lójoojúmọ́ ló ń wá láàárọ̀ kó tó lọ sọ́jà. Àyè kò sí lónìí, kò sí lọ́la. Wọn a jọ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, wọn a jọ jẹ àgbàdo, Tìjání a máa pè é ní Ìyá Oníbínú. Kí ọ̀sẹ̀ tó pé, “ẹ” ti di “o” láàárín wọn. Lọ́jọ́ kan ó gbé Làtífátù lọ sí Kpoulou láti ya fọ́tò ìyá fún páàsìpọ́ọ̀tì. Ó bá Àmínátù nínú ọpọ́n tó ti ń tẹ ẹyìn. Láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́, ó bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò, ó wọ inú epo lọ bá a tẹ̀ ẹ́.

“Làtí,” ìyá náà ké láti inú ọpọ́n, “níbo lo ti rí eléyìí? Má jẹ́ kó sọnù o!”

Lọ́jọ́ kejìlá, àyè yọ. Ẹyọ kan péré. Làtífátù pe ilé-iṣẹ́ tó ni máìlì rẹ̀, ó ka nọ́ńbà ọkọ̀ fún wọn, wọ́n sì bá a di àyè náà mú fún ọjọ́ díẹ̀. Wọ́n ní àwọn kì í fi máìlì ẹnì kan gbé ẹlòmíràn, àfi òbí rẹ̀, ọmọ rẹ̀ tàbí ọkọ rẹ̀, nítorí náà kó fi ìwé ìbí rẹ̀ ránṣẹ́. Ó fi ránṣẹ́. Ó lọ ná ọjà Pobè, ó ní kí Tìjání bá òun máa wo èsì.

Ọjọ́ kẹta, Tìjání gbé tíkẹ́ẹ̀tì dé Kpoulou. Àmínátù jó títí ó fi gbàgbé orúnkún. Nígbà tí Àlájì Ràzákì dé tó sì gbọ́, ó yí mọ́tò rẹ̀ padà láìsọ̀kalẹ̀. Lábẹ́ àwọn ọ̀pẹ lẹ́yìnkùlé, Tìjání di ọwọ́ Làtífátù mú.

“Mi ò lọ Kánádà mọ́,” ó sọ.

“Nítorí èmi?”

Tìjání yíjú sí àwọn ọ̀pẹ. Làtífátù rò pé ojú ló ń tì í. Ayọ̀ kún inú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi rẹ́rìn-ín títí dé ilé.

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó ṣí àpò máìlì rẹ̀ lórí fóònù kó lè fi hàn àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jà bó ṣe ṣófo. Kò ṣófo. Gbogbo rẹ̀ pé síbẹ̀. Ó wá lẹ́tà ilé-iṣẹ́ náà kàn, èyí tí Tìjání ti ṣí kà: “Sàlímátù ni orúkọ ìyá tó wà nínú ìwé ìbí yín. Ẹni tí ẹ fẹ́ gbé kì í ṣe ìyá yín.”

Lóòótọ́, Sàlímátù ló bí i, kò sì pé ogójì ọjọ́ tó kú. Àmínátù, ẹ̀gbọ́n Sàlímátù, ló gbé ọmọ náà pọ̀n, kò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ mọ́. Nígbà tí Làtífátù ń kọ ìwé ẹgbẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, tí wọ́n ní kó kọ orúkọ ìyá, ta ni ì bá kọ? Èwo nínú wa ni ì bá kọ nǹkan mìíràn?

Ó dé Ikpinlè, ó ju tíkẹ́ẹ̀tì náà sórí tábìlì.

“Máìlì rẹ lo fi rà á!”

Tìjání dìde. “Bẹ́ẹ̀ ni. Ilé-iṣẹ́ tó ni máìlì mi kì í béèrè ìbátan.”

“O jẹ́ kí n máa jó lórí irọ́!”

“Mi ò fẹ́ kí o ka gbólóhùn yẹn. ‘Kì í ṣe ìyá yín.’ Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ sí ẹ létí?”

“Kí o sọ ọ́! Èmi ni wọ́n kọ ọ́ sí! Ràzákì fẹ́ fi owó rà mí, ìwọ fi máìlì rà mí.”

“Mi ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ, Làtí.”

“Ìyẹn ló burú jù! Ràzákì béèrè, mo sì lè kọ̀. Ìwọ tí o ò béèrè, kí ni mo fẹ́ kọ̀? Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí tèmi kú. Ọdún mẹ́fà mi, Tìjání! O jókòó tì í, ò ń wò ó bó ṣe ń kú lọ!”

Làtífátù jáde. Ó sunkún lórí alùpùpù títí dé Adja-Ouèrè, nítorí pé ó fẹ́ràn ọkùnrin náà, ìbínú náà kò sì jẹ́ kó lè fẹ́ràn rẹ̀ ní ìrọ̀rùn.

Kò dúró kí ẹnikẹ́ni ṣàánú òun. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kó ìyá rẹ̀ àti ìyá àgbà méjì tí wọ́n jọ wẹ̀ ẹ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, ó gbé wọn lọ sí kóòtù ní Pobè. Àràárọ̀ ni wọ́n ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí ó fi sú àwọn akọ̀wé, tí wọ́n fi mú wọn dé ọ̀dọ̀ adájọ́.

“Ṣé ìwọ lo bí i?” adájọ́ bi Àmínátù.

“Rárá.”

“Kí ni o wá jẹ́ sí i?”

Inú bí ìyá náà. “Ẹ bi í léèrè ẹni tó ń ké pè nígbà tí egbò bá ń ro ó!”

Wọ́n fún wọn ní ìwé ìgbàtọ́. Ilé-iṣẹ́ tó ni máìlì Làtífátù sì gbà á, ṣùgbọ́n àyè kò sí lórí ọkọ̀ kankan mọ́. Ìjókòó kan ṣoṣo tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún máìlì ni èyí tí Tìjání ti gbà. Ọjọ́ méjì ló kù kí máìlì rẹ̀ kú.

Làtífátù wọ ṣọ́ọ̀bù náà láìkí i.

“Bí o bá fagi lé tìrẹ, ṣé àyè náà á tún yọ?”

Tìjání ronú. “Nígbà mìíràn, á yọ lójú ẹsẹ̀. Nígbà mìíràn, wọn a gbé e tà lówó gọbọi, a ò ní rí i mọ́. Làtí, ìyá lè pàdánù gbogbo rẹ̀. Bínú sí mi títí ayé, ṣùgbọ́n jẹ́ kó fi tèmi lọ.”

“Mo ti bi í. Ó ní oore ọmọ òun nìkan lòun lè rù yí Káábà ká. Ó ní kí o fagi lé e.”

Ó pe ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n dúró, wọ́n dúró. Nígbà tí obìnrin kan gbé e, Làtífátù fi Faransé ka nọ́ńbà ọkọ̀ fún un, ó wá mi orí sí Tìjání. Tìjání tẹ bọ́tìnnì. Ìjókòó náà bọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

“Kò sí àyè níbí, madame.”

“Àyè wà. Ẹ tún un wò.”

“Kò sí.”

“Ẹ má gbé fóònù yẹn sílẹ̀ o! Ẹ tún un wò!”

Òógùn ń ṣàn lójú Tìjání. Ó na ọwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì, Làtífátù sì gbá a mú, ó fún un pinpin. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lobìnrin náà wò ó. Lẹ́ẹ̀kẹfà, ohùn rẹ̀ yí padà.

“Ẹ dúró ná. Ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ.”

“Ẹ mú un! Ìyá mi ló ni ín!”

Nígbà tó parí, Làtífátù gbé orí lé tábìlì, ó bú sẹ́kún. Kò pẹ́, fóònù Tìjání dún: máìlì tirẹ̀ ti padà sí àpò rẹ̀.

“Ó ti padà,” Làtífátù sọ, ó nu ojú. “O lè lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ.”

“Mo lè lọ. Mi ò sì lọ.”

Làtífátù dìde. “Ó dáa. Gbọ́, nígbà náà. Mi ò jẹ ẹ ní nǹkan kan. Ẹnikẹ́ni ò rà mí. Nítorí náà, bí mo bá sọ pé ìwọ ni mo fẹ́, mo fẹ́ ẹ ni.”

Tìjání fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù bà á. “Ṣé inú ṣì ń bí ẹ?”

“Ó ń bí mi dáadáa! Kí àwọn èèyàn rẹ wá bá àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ́jọ́ Jímọ̀. Kí wọ́n má sì pẹ́ dé.”

Wọn kò pẹ́. Wọ́n so yìgì wọn ní Kpoulou kí Àmínátù tó gbéra lọ sí Mẹ́kà. Lèmọ́mù ní kí ìyá ìyàwó dìde kí wọ́n rí i. Àmínátù gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó dìde, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè ìwé.