Okùn Ọwọ́ Mọ́ṣádé

“Wàhábì, kúrò lábẹ́ ẹ̀ka yẹn!”

Láti orí igi odán ni ohùn Simeon ti wá. Ó fi igbà so ara rẹ̀ mọ́ igi náà bí akọ̀pẹ, ayùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, oje funfun sì ń kán sí i láṣọ. Wàhábì gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó fi àdá ọwọ́ rẹ̀ bẹ́ ẹ̀ka wẹ́wẹ́ kan já kó tó rọra yẹra. Bó ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mọ́ṣádé, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

“Ẹ kú okùn o, Ìyá Olókùn. Ṣé ewúrẹ́ ti tán nílé yín tó o fi wá ń fa igi? Sọ fún Albert ẹ̀gbọ́n rẹ kó ṣọ́ra o. Eyín méjì péré ni mo yọ lókè. Mo lè yọ méjì nísàlẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ lè dọ́gba.”

 Mọ́ṣádé di okùn tí wọ́n fi ń sọ ẹ̀ka kalẹ̀ mú gírígírí.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Mọ́ṣádé, ilé ìwé girama kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ló ń lọ. Simeon tó wà lórí igi ni bàbá rẹ̀. Igi tó bá ń wu ilé léwu ni bàbá yìí ń bá àwọn ènìyàn gé, láti Ìjagun títí dé Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin. Má-fọ́-páànù ni àwọn oníbàárà sọ ọ́ ní orúkọ, nítorí igi ìbáà fẹ̀yìn ti òrùlé, Simeon á gé e kúrò láìfọ́ páànù kan.

Kì í ṣe agbára ló ń fi ṣe é, okùn ni. Lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ní Ẹ̀pẹ́ ló ti ra okùn náà, ó nípọn bí àtàǹpàkò àgbàlagbà. Kó tó gé ẹ̀ka, á kọ́kọ́ fi orí okùn so ó, á gbé okùn gba àárín ẹ̀ka méjì mìíràn lókè, á sì jù ú sílẹ̀. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ á wé e mọ́ ìdí igi àgbọn tó wà nítòsí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á wá di ìrù rẹ̀ mú. Bí ẹ̀ka bá já, kò ní bọ́ sílẹ̀. Ńṣe ni yóò rọ̀ lójú afẹ́fẹ́, tí olókùn yóò máa dẹ ọwọ́ díẹ̀díẹ̀, títí igi náà yóò fi balẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ọmọ jòjòló tí ìyá rẹ̀ tẹ́ sórí ẹní.

“Ẹni tó bá di okùn mú kò ní ọ̀tá,” Simeon máa ń sọ fún ọmọ rẹ̀. “Ẹnikẹ́ni tó bá wà nísàlẹ̀, ọmọ ìyá rẹ ni, títí ẹ̀ka yóò fi dé ilẹ̀.”

Mọ́ṣádé mọ ọ̀rọ̀ yìí sórí bí ó ti mọ Àdúrà Olúwa. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn mọ nǹkan sórí yàtọ̀ sí kí ó gbà á sọ́kàn.

Ohun tó wà láàárín òun àti Wàhábì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Nínú oṣù tó kọjá, ẹnìkan ní Ìbẹ́fùn ti pe Simeon sí ìdí ìrókò kan, ẹlòmíràn nínú ilé kan náà sì ti pe Sàlàkọ́, bàbá Wàhábì, tí òun náà ń gé igi. Bí ẹgbẹ́ méjèèjì ti pàdé nídìí igi kan náà, ọ̀rọ̀ di ariwo, ariwo di ìjà. Àwọn àgbà ní bí a bá ní kí a bẹ́ igi, a ó bẹ́ èèyàn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí lọ́jọ́ náà. Wàhábì fi èèkù àdá gbá Albert, ẹ̀gbọ́n Mọ́ṣádé, lẹ́nu, eyín méjì sì bọ́ sínú iyanrìn pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Mọ́ṣádé ló ṣa àwọn eyín náà, ó dì wọ́n sínú gèlè rẹ̀. Títí di òní, wọ́n wà ní ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀.

Sàlàkọ́ mú ọmọ rẹ̀ wá bẹ̀bẹ̀. Simeon dárí jì wọ́n. Albert pàápàá dárí jì wọ́n, ó ní ẹnu òun ti ní fèrèsé báyìí, ooru kò ní mú ahọ́n òun mọ́. Nígbà tí iṣẹ́ odán ńlá yìí dé, tí ó ju agbára ẹgbẹ́ kan lọ, àwọn bàbá méjèèjì gbà láti jọ ṣe é. Mọ́ṣádé nìkan ni kò dárí jì. Bí wọ́n bá ń gba àdúrà alẹ́ nílé, tí wọ́n bá dé ibi ìdáríjì, ẹnu rẹ̀ á pa dé.

Ìyá Matilda ló ni ilé tí odán náà fara tì. Agbẹ̀bí ni, ó ti fẹ̀yìn tì, ìdajì àwọn ọmọ àdúgbò ló sì gba ọwọ́ rẹ̀ wá sáyé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ lérí.

“Simeon, ẹ jọ̀ọ́, táǹkì omi mi o! Àná òde yìí ni ọmọ mi gbé e wá.”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Mama,” Simeon dáhùn láti òkè. “Omi inú rẹ̀ lẹ ó fi se ọbẹ̀ lálẹ́ òní.”

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ka tó tóbi jù lọ ló kàn báyìí, èyí tó nà kọjá lórí táǹkì àti ilé ìdáná. Ayùn ń lọ, ayùn ń bọ̀.

“Ó ń bọ̀ o!” Simeon ké.

“Mo ti dì í mú!” Mọ́ṣádé dáhùn, bí òfin iṣẹ́ ti wí.

Ẹ̀ka náà já pẹ̀lú ìró ńlá, ó wálẹ̀ díẹ̀, okùn gbé e dúró. Ó rọ̀ sókè, ó ń fì. Lẹ́yìn Mọ́ṣádé, Albert bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìrù okùn tó wà nílẹ̀. Wàhábì mú ọ̀pá gígùn, ó wá síwájú láti ti ẹ̀ka náà kúrò lọ́nà táǹkì, nítorí iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Ó dúró sábẹ́ igi. Ó wo Mọ́ṣádé lójú, ó yanu, ó sì fi ìka méjì kan eyín rẹ̀ lókè, kó kó.

Ojú Mọ́ṣádé ṣókùnkùn. Ohùn kan nínú rẹ̀ ní: wọ́n á ní okùn yọ̀ ni. Ta ló máa mọ̀? Kì í ṣe pé ó fẹ́ dẹ́rù bà á. Ó fẹ́ kí igi náà bá a.

Ó la ọwọ́ rẹ̀.

Okùn fọn bí ejò tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀. Èéfín rú ní ìdí àgbọn. Wàhábì gbọ́ ìró náà, ó ju ọ̀pá nù, ó fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀ka wẹ́wẹ́ sì nà án lẹ́yìn títí aṣọ rẹ̀ fi ya. Ṣùgbọ́n igi náà kò dé ilẹ̀. Ó dúró lójijì lókè táǹkì àti ilé ìdáná, ó ń mì. Lẹ́yìn Mọ́ṣádé, ẹnìkan ké igbe tí kò jọ ti ènìyàn.

Eérú ń tọ ẹni tó dà á. Okùn tí Albert ń ká ti lọ́ mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wọ́ ọ ní ìdọ̀bálẹ̀ lórí gbòǹgbò àti òkúta, ó fi í gbá igi àgbọn, ó sì há ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ àárín okùn àti igi. Gbogbo ènìyàn gbọ́ bí egungun ti dún. Ẹ̀ka odán, pẹ̀lú gbogbo ìwúwo rẹ̀, wá rọ̀ sórí ojúgun Albert.

Mọ́ṣádé rí Wàhábì tó ń sáré bọ̀ pẹ̀lú àdá.

“Ó fẹ́ parí rẹ̀!” ló wá sọ́kàn rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ìtí igi kan, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ là á mọ́ Wàhábì lórí. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn dé ojú ọmọkùnrin náà. Kò yíjú padà. Mọ́ṣádé tún là á mọ́ ọn ní ejìká. Wàhábì ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó gbé àdá sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀.

Kì í ṣe Albert ló bẹ́, okùn ni. Ó bẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, ó bẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì, okùn Ẹ̀pẹ́ sì já. Ẹ̀ka náà wó lu táǹkì Ìyá Matilda, ó tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ bí agolo, ó sì wó ilé ìdáná mọ́ ọn. Omi ya kún àgbàlá. Ẹsẹ̀ Albert bọ́ lọ́wọ́ okùn, òun fúnra rẹ̀ sì dákú.

Ìró yẹn ló gbé àwọn ará àdúgbò wọlé. Ohun tí wọ́n bá ni Albert nínú ẹ̀jẹ̀, okùn tí àdá gé, àti Wàhábì tó di àdá náà mú.

“Ó ti gé okùn! Ọmọ tó yọ ọ́ ní eyín ní Ìbẹ́fùn ló wá pa á!”

Wọn kò béèrè. Ìgbájú ló kọ́kọ́ dé, ìpá tẹ̀lé e. Ẹnìkan fa ọmọ odó yọ nínú ilé ìdáná tó wó. Sàlàkọ́ ju ara rẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lórí, wọ́n fi ìpá gbá òun náà kúrò.

“Wàláhì, okùn ló há a lẹ́sẹ̀!” Wàhábì ń ké. “Mo gé e kó lè bọ́ ni! Mọ́ṣádé, ìwọ náà mọ̀! Sọ fún wọn!”

 Bí Mọ́ṣádé bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Ohun tí ó ń fẹ́ láti oṣù kan ló ń ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀ yìí, kò sì sí ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ó dákẹ́. Wọ́n tún gbá Wàhábì lẹ́nu. Nǹkan funfun kékeré kan ta jáde, ó bọ́ sínú iyanrìn nítòsí ẹsẹ̀ Mọ́ṣádé.

Ó wo eyín náà. Ó ní gbòǹgbò, ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀, iyanrìn lẹ̀ mọ́ ọn. Ó jọ ti Albert tó wà nínú àpótí. Bí a bá dà wọ́n pọ̀ sọ́wọ́, Ọlọ́run nìkan ló lè mọ èyí tó jẹ́ ti ọ̀tá nínú wọn.

“Èmi ni!” Ó ké, ó sì fò sáàárín wọn, ó bo Wàhábì mọ́lẹ̀. Ọmọ odó tó ń bọ̀ wálẹ̀ bá a ní ẹ̀yìn. “Èmi ni mo tú okùn sílẹ̀! Òun ló gba ẹ̀gbọ́n mi là! Ẹ nà mí! Èmi ni!”

Ọwọ́ gbogbo wọn dúró. Simeon ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí igi, igbà ṣì wà ní ìbàdí rẹ̀.

“Ṣé ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ ni,” ó béèrè, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nínú ìjọ lọ, “àbí o tú u?”

“Mo tú u, Bàbá. Mo fẹ́ kó pa á.”

Simeon di ojú rẹ̀. Nígbà tó la á, ó yíjú sí Albert. “Bí igi bá wó lu igi, tòkè là ń kọ́kọ́ gbé,” ó wí. “Ẹ bá mi gbé ọmọ yìí.”

Dókítà kò gé ẹsẹ̀ Albert, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa, ṣùgbọ́n kò tọ́ mọ́ títí ayé. Wọ́n rán orí Wàhábì. Simeon san owó táǹkì mìíràn, ó sì kọ́ ilé ìdáná. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò pè é ní Má-fọ́-páànù mọ́. Ìyá Matilda kò lé wọn. Nígbà tí Mọ́ṣádé kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní, “Mo gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ sáyé, n kò gbà wọ́n kí wọ́n lè máa pa ara wọn. Dìde. Máa bá mi pọn omi láràárọ̀ títí táǹkì tuntun yóò fi dé.” Mọ́ṣádé pọn ọ́n. Lójoojúmọ́ bí ó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi àgbọn, ó ń rí ibi tí okùn ti jó èèpo igi náà.

Ṣùgbọ́n ààbọ̀ odán ṣì wà lórí ilé, Simeon kì í sì í fi iṣẹ́ oníbàárà sílẹ̀ láìparí. Nígbà tí egbò orí Wàhábì jinná, wọ́n padà wá. Orí igi náà kò lè gba ẹni tó wúwo, Wàhábì ló gbọ́dọ̀ gùn ún. Wọ́n so okùn tuntun mọ́ ọn níbàdí, wọ́n jù ú gba orí ẹ̀ka kan lókè, kí ó má bàa já bọ́ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yọ̀. Sàlàkọ́ na ọwọ́ láti gba ìrù okùn náà.

“Rárá, Bàbá,” Wàhábì ní. “Ẹ gbé e fún Mọ́ṣádé.”

Mọ́ṣádé, tó ru korobá omi wọlé, dúró gbagidi.

“Ṣé orí rẹ tí wọ́n rán ló tún ya ni?” Sàlàkọ́ pariwo.

“Gbogbo yín ẹ kàn rí ohun tí okùn lè ṣe ni,” Wàhábì dáhùn. “Ọwọ́ tirẹ̀ ló ti ṣẹlẹ̀, kò ní gbàgbé.” Ó wá rẹ́rìn-ín sí Albert, tó fi igi tilẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àlàfo ẹnu òun náà sì hàn. “Àti pé èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba báyìí. Ọ̀rẹ́, má bínú sí mi.”

“Ọ̀sán ti fẹ́ pọ́n, gun igi rẹ jàre,” Albert dá a lóhùn, òun náà sì fi fèrèsé tirẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Mọ́ṣádé sọ korobá kalẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ. Ó wé okùn mọ́ ìdí àgbọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni wà lórí ìrù rẹ̀, ó sì dì í mú.

Ẹ̀yin ọmọ mi, kò sí ẹni tí kò di okùn ẹnìkan mú láyé yìí: ti ọ̀rẹ́, ti ará ilé, àti ti ẹni tó ṣẹ̀ wá. Bí a bá tú u sílẹ̀ nítorí ìkórìíra, ẹsẹ̀ ẹni tí a fẹ́ràn jù ni yóò há sí. Bí a bá sì ti ṣe ibi, kí a tètè jẹ́wọ́ kí aláìṣẹ̀ tó kú sí i.

“Mo ń gùn ún o!” Wàhábì ké láti ìdí ẹ̀ka àkọ́kọ́.

“Gùn ún,” Mọ́ṣádé dáhùn. “Mo ti dì ọ́ mú.”