Ìbéèrè Tí Soliat Kọ̀ Láti Dáhùn

Ọjọ́ àwọn aláboyún ni nílé ìwòsàn kékeré kan ní Àpòmù. Orin àti àtẹ́wọ́ ti parí, gbogbo bẹ́ńṣì sì kún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ agbẹ̀bí tó wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ jókòó sídìí tábìlì, wọ́n ń pe àwọn obìnrin wá síwájú.

Ó kan Soliat, ẹni tó ń din dòdò tà létí títì ní Ìkirè.

"Màdámù, ọmọ mélòó lẹ ti bí?" Kamilah, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, ló bi í. Ohùn rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà.

"Ọlọ́run ti ṣe é."

"Mo ní mélòó?"

"Àwọn tó wà nílé ń kí ọ."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Kamilah ò bá wọn rín in. "Mélòó ló wà láàyè, mélòó ló kú?"

Ẹ̀rín dá. Soliat dìde. "Ọmọ mi kì í ṣe iṣu tí wọ́n ń kà lójà."

"Ohun tó ń pa yín sílé nìyẹn, ẹ̀yin tí ẹ ò lajú."

"Ó dáa. Èmi tí mi ò lajú mọ ọ̀nà ilé mi." Soliat gbé báàgì rẹ̀. "Ilé ni màá bí èyí sí. Kò sẹ́ni tó máa bi mí léèrè òkú ọmọ níbẹ̀."

Bó ṣe ń jáde ni Ìyáàfin Edith Akíndèjì, olùkọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, ń wọlé.

"Kamilah, kí lo ṣe fún un?"

"Mà, ìbéèrè tí ẹ kọ́ wa ni mo bi í. Bí ìbí kan ò bá lọ dáadáa tẹ́lẹ̀, ewu lè wà nínú èyí tó ń bọ̀. A gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n."

"Òótọ́ lo sọ. Ìyá tó bí ọ ńkọ́, ọmọ mélòó ló bí?"

"A pọ̀ díẹ̀, mà."

"Mo ní mélòó. Mélòó ló sì kú?"

Kamilah wo àwọn obìnrin tó ń wò ó. Ó gbé orí sókè. "Ẹ má bínú, mà, mi ò ní dáhùn. Ẹ ò lè bi mí nírú ìyẹn níwájú gbogbo èèyàn."

"Mi ò bínú rárá. Ṣé ìwọ náà ò lajú nìyẹn?"

Kamilah pa ìwé iwájú rẹ̀ dé.

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ," ni olùkọ́ náà wí. "Ilé yín lo ti gbọ́ ọ kí o tó dé ọ̀dọ̀ mi. Kí ló dé tí o fi í sílẹ̀ nígbà tí o wọ aṣọ funfun? Ó yá, ká lọ bá a."

Epo ti gbóná nígbà tí wọ́n dé ìsọ̀ Soliat ní Ìkirè. Soliat ò dìde.

"Ṣé ẹ wá ra dòdò ni, àbí ẹ wá kà á?"

Kamilah kúnlẹ̀ sínú eruku. "Ẹ dárí jì mí, mà. Mo ṣàṣìṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìsọ̀."

 Soliat gbé epo kúrò lórí iná, ó sì tẹ̀ lé wọn.

"Mi ò ní ka ẹnikẹ́ni," ni Kamilah wí. "Ọjọ́ ìkúnlẹ̀ yín tó kọjá, mà, báwo ni ara yín ṣe rí lẹ́yìn rẹ̀?"

Soliat rẹ ohùn sílẹ̀. "Omi ló dànù. Agbè ò fọ́."

Ó yé Kamilah: ọmọ ti lọ, ìyá ló kù. Kò bèèrè nǹkan kan mọ́ nípa ọmọ. "A dúpẹ́ fún agbè. Ṣé kò fẹ́ẹ̀ fọ́, mà?"

"Ó kù díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ò dá. Mi ò mọ ibi tí mo wà mọ́."

Ìyáàfin Akíndèjì sún mọ́ ọn. "Irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè tún dà. Ẹ ò gbọdọ̀ bímọ sílé. Ilé ìwòsàn ńlá la máa fi yín ránṣẹ́ sí, níbi tí dókítà àti ẹ̀jẹ̀ wà. Abẹ́rẹ́ tó ń mú kí ilé ọmọ súnkì lẹ́yìn ìbí á wà nílẹ̀."

"Màá lọ," ni Soliat wí. "Nítorí ara mi ni o, kì í ṣe nítorí ẹ̀bẹ̀ yín. Mi ò ní ṣí ìborí fún gbogbo ẹni tó bá ń kọjá. Ẹni tó bá sì jágbe mọ́ mi, màá jágbe padà."

"Ẹ jágbe padà, mà. Màá bá yín gbè é."

Soliat lọ lóòótọ́. Ẹ̀jẹ̀ náà dà lẹ́yìn tí ọmọ jáde, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń retí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ wọlé, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà sì dá. Àbídì, ọkọ rẹ̀, pe ìrun sí ọmọ tuntun létí ọ̀tún.

Ẹ̀yin agbẹ̀bí, àti ẹ̀yin tó ń kọ́ṣẹ́, àṣà aláboyún kì í ṣe àìlajú. Ẹ mú un lọ sí kọ̀rọ̀, ẹ rẹ ohùn sílẹ̀, ẹ bèèrè bí ara rẹ̀ ṣe rí. Ìdáhùn tí ẹ ń wá á jáde.

Ẹ̀yin aláboyún, ẹ sọ ti ọmọ tó lọ, ẹ sọ ti ẹ̀jẹ̀ tó dà, ẹ sọ ti iṣẹ́ abẹ fún agbẹ̀bí. Bí wọ́n bá bi yín láàárín èrò, ẹ ní, "Kọ̀rọ̀ ni màá ti sọ ọ́." Ẹ̀tọ́ yín ni. Bí wọ́n bá bú yín, ẹ bèèrè ọ̀gá wọn, kí ẹ sì jókòó síbẹ̀. Tiwa ni ilé ìwòsàn. Ẹni tó bú wa ni kó yíwà padà. Àwa ò ní torí rẹ̀ lọ kú sílé.