Báàgì Dúdú Ẹlẹ́nu Idẹ

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, bàbá mi ṣì wà láyé. Ìyá mi àgbà, Henrietta, ṣì ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, Mísítà Godfrey onífọ́tò ṣì ń fẹnu fẹ́ eruku kúrò lójú kámẹ́rà rẹ̀ láràárọ̀. Ìyá Mọ̀núrù náà ṣì wà, ó ń din àkàrà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Gbogbo wọn ti lọ. Èmi ni mo kù tí mo lè sọ ọ̀rọ̀ báàgì yẹn fún yín, bí mo bá sì rántí rẹ̀, ó ṣì ń rí mi lára.

Dáfídì, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ló ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Mísítà Godfrey. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́fà ni. Ẹgbẹ́ ni wá, orúkọ la fi ń pe ara wa. Báàgì tí ọ̀gá rẹ̀ fi ń gbé kámẹ́rà ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀gá sì ní kó lọ yan òmíràn lọ́dọ̀ Jimoh tó ń rán báàgì ní Ìdúmọ̀tà. Mo tẹ̀ lé e, nítorí ìyá mi rán mi lọ ra òwú ní Balógun.

Jimoh gbé méjì síwájú wa. Ọ̀kan jẹ́ tapólì aláwọ̀ erùpẹ̀, kò wuni rárá, ṣùgbọ́n ó ti tẹ́ aṣọ tó nípọn sínú rẹ̀, ó pín in sí yàrá yàrá, ti kámẹ́rà lọ́tọ̀, ti fíìmù lọ́tọ̀, ti gílóòbù lọ́tọ̀. Èkejì jẹ́ awọ dúdú tó ń dán, idẹ ni ẹnu rẹ̀.

"Tọwọ́ bọ inú tapólì yìí," Jimoh wí. "Bí o bá fi gbá ògiri, kámẹ́rà ọ̀gá rẹ ò ní mọ̀. Dúdú yẹn, àwọn wolé-wolé ni mò ń rán irú ẹ̀ fún. Ìwé ni wọ́n ń kó sí i. Kámẹ́rà á máa gbá kiri nínú ẹ̀ bí ẹ̀pà nínú agolo."

Ojú Dáfídì tàn. Ẹ̀yin ọmọ òde òní ò mọ wolé-wolé. Àwọn ni wọ́n ń wọ ilé kiri láti wò ó bóyá ilé mọ́. Wọ́n á yọjú sínú àmù omi, bí wọ́n bá rí tanwíjí tó ń di ẹ̀fọn níbẹ̀, kóòtù ni onílé ń lọ. Ẹni tó bá wọ káakì, tó gbé báàgì dúdú yẹn kọ́ èjìká, àdúgbò á dìde dúró fún un.

"Dúdú yẹn ni mo fẹ́, ẹ̀gbọ́n," Dáfídì wí.

"Kí ló pa ìwọ àti wolé-wolé pọ̀?" mo bi í.

"Bọ́lánlé, dákẹ́. O ò mọ bí báàgì ṣe ń buyì kún èèyàn."

Jimoh rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Bí kámẹ́rà bá fọ́, kó o sọ fún ọ̀gá ẹ pé iyì ló fọ́ ọ."

Dáfídì gbé e. Eré ló kọ́kọ́ fi ṣe. Ó wọ káakì ilé ìwé rẹ̀ àtijọ́, ó ń gba àárín ilé kọjá, inú rẹ̀ ń dùn bí àwọn ọmọdé ṣe ń sá. Lẹ́yìn náà ló kan ọ̀dọ̀ Ìyá Mọ̀núrù.

Ojú ìyá yìí ti ń ṣú. Ó ń rí ìrísí èèyàn, kò rí ojú. Mọ̀núrù, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Takoradi lẹ́yìn odi, wọn ò sì tíì fojú kan ara wọn láti ìgbà tí ọmọ náà ti wà ní ọ̀dọ́langba. Ìyá ti bá Mísítà Godfrey sọ ọ́ pé kó wá ya òun ní Sátidé, kí òun fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí ọmọ òun. "Kó rí mi kí n tó di nǹkan mìíràn," ló máa ń wí fún wa.

Dáfídì dúró níwájú àmù rẹ̀, ó ṣí ìdérí, ó mi orí. Kò sọ̀rọ̀. Ìyá sáré dìde, ó bu àkàrà gbígbóná sínú ewé.

"Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́ sà, àná ni mo fọ̀ ọ́. Ẹ gbà, ẹ fi panu."

Ó gbà á. Mo bá a ní kọ̀rọ̀ ilé tó ń jẹ ẹ́, epo ń ṣàn dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó sì ń nu ìka sára báàgì.

"Oúnjẹ ẹni tó ń bẹ̀rù lò ń jẹ yẹn," mo wí.

"Ṣé mo ní wolé-wolé ni mí? Mi ò la ẹnu. Òun ló fún mi."

"Wolé-wolé gidi tó ń wá sọ́dọ̀ wa kì í gba omi mu lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

"Bóyá òùngbẹ kì í gbẹ ẹ́." Ó na ọ̀kan sí mi. "Gbà, ó dùn."

Mo ti ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Mo yíjú kúrò. Mo fẹjọ́ rẹ̀ sun ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ní mò ń jowú báàgì.

Ó wá di ìṣe. Ó ń lọ, ó ń jẹ. Ìyá Mọ̀núrù wá ń da omi rere nù láràárọ̀ nítorí ẹ̀rù, á fọ àmù, á tún lọ tò nídìí ẹ̀rọ omi. Nígbà tí mo sọ fún Dáfídì, ó ní ṣebí àmù ìyá ló túbọ̀ ń mọ́. Ẹ gbọ́ ohun tó ń ti ẹnu ọmọ tí wọ́n rán níléèwé jáde.

Nígbà tó di Sátidé, ibà dá Mísítà Godfrey dúbúlẹ̀. Ó pe Dáfídì. "Ìwọ lo máa lọ ya ìyá yẹn. Bí fọ́tò náà bá dáa, wàá máa dá jáde láti òní lọ."

Èmi ni mo ru igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kámẹ́rà ń dúró lé. Nígbà tí a sún mọ́ ilé ìyá, Dáfídì dúró.

"Bí mo bá sọ̀rọ̀, á mọ̀ pé èmi ni mo ń jẹ àkàrà ẹ̀."

"Gbé báàgì yẹn fún mi, kó o fi ọwọ́ gbé kámẹ́rà. Kó o tètè kí wọn láti ọ̀nà jíjìn."

Ó wo báàgì, ó wò mí. "Kí n wá dà bí aláàárù?" Ó yọ ṣùtì, ó sì ṣíwájú mi lọ.

Ìyá ti jókòó sórí àga, ó wọ àrán, ó fi ṣéènì fàdákà sọ́rùn, ó kọjú sí ọ̀nà. Ohun tó rí ni káakì, báàgì dúdú, àti idẹ tí oòrùn ń tàn sí. Bí Dáfídì bá ti sọ pé "ẹ káàárọ̀, onífọ́tò ti dé", ọ̀rọ̀ á ti parí. Kò sọ ọ́. Ó dúró síbẹ̀ bí òpó.

Ìyá dìde. "Ọ̀gá mi, ẹ má bínú, ìmúra fọ́tò ni ò jẹ́ kí n ráyè fọ̀ ọ́ lónìí." Ó ti gbá àmù tó kún fún omi mọ́ra, ó fẹ́ lọ da omi náà nù.

Mo kígbe láti ẹ̀yìn, "Ìyá, Dáfídì ni, ẹ fi sílẹ̀." Ọ̀rọ̀ mi ò tètè dé. Àmù yọ̀, ìyá ṣubú lórí sìmẹ́ńtì, omi àti àpáàdì dà lé àrán rẹ̀. Dáfídì ta padà sẹ́yìn, báàgì fi ara gbá òpó ilẹ̀kùn, mo sì gbọ́ bí dígí ṣe fọ́ nínú rẹ̀.

Egungun ìbàdí ìyá ló kán. Mísítà Godfrey lé Dáfídì kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìyẹn ò tún ìbàdí ẹnikẹ́ni ṣe. Ní ọsibítù, gbogbo ìgbà tí mo bá gbé ọbẹ̀ lọ, ìyá á bi mí pé, "Ṣé onífọ́tò ò wá mọ́ ni?"

Nígbà tó yá, Dáfídì fúnra rẹ̀ wá. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyá, èmi ni wolé-wolé yẹn. Èmi náà ni onífọ́tò."

Ìyá fọwọ́ wá ojú rẹ̀, ó fi kan imú rẹ̀ àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Ọmọ kékeré báyìí," ó wí. "Kí ló dé tó ò kàn tọrọ àkàrà? Ǹ bá fún ọ."

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá ń yan báàgì, ẹ yan èyí tó bá ẹrù yín mu. Kí ẹ má gbé èyí tí yóò jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rù yín fún ohun tí ẹ kì í ṣe. Ohunkóhun tí ẹ bá jẹ nínú ìbẹ̀rù ẹlòmíràn, ohun ìríra ni, bó ti wù kó gbóná tó, kó sì ta sánsán.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e ni Ìyá Mọ̀núrù kú ní ọsibítù náà. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Ìwé tí wọ́n kọ sí Mọ̀núrù ní Takoradi lọ́jọ́ náà, kò sí fọ́tò kankan nínú rẹ̀.